Ìdí Tí Ẹ̀rọ Kẹta Kò Fi Bá Awakọ̀ Wá sí Kútọnù

Faïzatou ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru ìlú. Kí ìwé yìí bá ọ ní ìjókòó àlàáfíà, kí ara rẹ le bí òkúta orí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tí òjò ń rọ̀ lé tí kì í rà. Àwa náà ń bẹ. Ewúrẹ́ bí ìbejì, kajú ti ń já bọ́, iṣu inú ilé iṣu kò tíì hù.

Florent awakọ̀ ni mo fi ìwé yìí rán, pẹ̀lú méjì nínú ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́ta tó ń fi bátìrì rìn, tí o ṣe tí o sì fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí o dán wọn wò lórí ilẹ̀ oko. Mo mọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn olùkọ́ yín fẹ́ rí lọ́jọ́bọ̀, àti pé bí ọ̀kan bá dín, ìdánwò rẹ lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀kẹta kúrò nílé, ẹ̀rù ń bà mí pé Ìyá Àgbà á bá a lọ, kì í sì í ṣe Kútọnù ni mo ń wí.

Kí n kọ́kọ́ jíṣẹ́ tí o rán mi. Mo ti kọ nǹkan sí gbogbo ojú fíìṣì, ìwé ìbéèrè tí o fi sílẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ náà. Èyí tó ní rọ́bà gbọọrọ lẹ́sẹ̀ bíi katapílà, mo kọ pé ẹrẹ̀ kò dá a dúró, ṣùgbọ́n ó tú ebè mẹ́rin, kò sì tọrọ àforíjì. Èyí tí wọ́n to rólà kéékèèké ní ìdábùú sára táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, mo kọ pé iyanrìn kò bá a lára mu. Mo rí i pé fíìṣì náà kò béèrè òbí àwọn ẹ̀rọ, mo sì fi kún un nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé wọn kò lẹ́ni. Ìyá: Faïzatou. Bàbá: mo fi àyè sílẹ̀, o kò tíì sọ fún wa.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ṣáásí rẹ̀, egungun abẹ́ rẹ̀ yẹn, jókòó lórí táyà ńlá méjì, tí táyà kékeré kan ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. O mọ̀ pé nílé wa, láti ayé bàbá bàbá rẹ, a kì í wọlé sùn láì gbá àgbàlá, ẹ̀yìn ẹ̀yìn la sì ń gbá a wọ ẹnu ọ̀nà, kí ilẹ̀ lè sọ fún wa láàárọ̀ ẹni tó wá jí kajú. Bàbá rẹ a máa kà á kí wọ́n tó bu omi àlùwàlá, bí akọ̀wé ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí o lọ, wọ́n pè mí, wọn kò pariwo. Ipa táyà méjì ló ti ilé iṣu tí a kó àwọn ẹ̀rọ náà sí jáde, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín, ó rìn dé ìdajì àgbàlá, ó padà. Lọ́jọ́ kẹta ó sún mọ́ ilé sí i. Lọ́jọ́ kẹrin ó dé ẹnu yàrá Ìyá Àgbà, ó dúró. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn níbẹ̀, kò sí ti adìẹ. Ìgbà náà la pè ọ́ tí o ní bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú báàgì rẹ ní Kútọnù. Bàbá rẹ ní bóyá díẹ̀ kù sínú rẹ̀, bí òróró ṣe ń kù sí ìdí ìgò.

Ìyá Àgbà ní kí a gbé àwọn jáde wá wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀pá kan, ta ló ń wọ́ ọ̀pá sẹ́yìn dípò kó tẹ̀ ẹ́ síwájú bí kò ṣe ọkọ àwọn tó ti kú. Láti ọjọ́ náà wọn kò jẹun mọ́. Wọ́n ní ẹni tó ń rìn jìnnà kì í yó. Wọ́n ní kí n yọ aṣọ funfun wọn nínú àpótí, kí n sá a, mo sì sá a, kí ni mo lè ṣe.

Bàbá rẹ ránṣẹ́ pe Mùsíyọ̀ Théophile, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ìjọba kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ó wá pẹ̀lú táì nínú ooru, ó fi rúlà wọn ipa náà, ó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀làjú fún odindi wákàtí kan, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Bàbá rẹ ní ṣé afẹ́fẹ́ ń wọ táyà ni. Ó ní àwọn tí kò kàwé ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. A ti gbálẹ̀ kó tó dìde, nítorí náà bàtà rẹ̀ hàn kedere láàárọ̀, ipa táyà méjì àti ìlà náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dé ojú títì. Táyà nìkan ló padà. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkọ àwọn kì í jẹ́ kí àlejò lọ láì sìn ín, bó tilẹ̀ jẹ́ aláròyé. Mùsíyọ̀ Théophile kò tíì tún yà.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. O mọ̀ pé ọdún méjì rèé tí Ìyá Àgbà kò ti fẹsẹ̀ ara wọn tẹlẹ̀. A gbé wọn lọ sí yàrá mi, èmi sùn sí tiwọn. Láàárọ̀, ipa náà kò yà sọ́dọ̀ mi rárá, yàrá mi tí Ìyá Àgbà wà ló lọ tààrà. Ìyá Àgbà ní kí a yéé gbé àwọn kiri bí àpò kajú, kí a dá àwọn padà, kí a sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bàbá rẹ sunkún, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìyá wọn ló sọ ọ́. A ṣí i.

Láàárọ̀ àná, ohùn Ìyá Àgbà ló jí wa, wọ́n ń béèrè iṣu. Ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn, wọ́n ti fi aṣọ funfun yẹn bò ó, wọ́n ní ara rẹ̀ tutù. Wọ́n ní kò wá mú àwọn lọ, ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó fẹ́ jókòó. Wọ́n jẹun yó. Mo jáde láti lọ sọ fún bàbá rẹ, mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀ ní àgbàlá. Ipa táyà méjì, ìlà kan láàárín, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ẹsẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, tí ọmọ ìka rẹ̀ yà. Wọ́n jọ lọ sí ìdí kajú tí a sin bàbá àgbà sí. Bàbá rẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àlọ wà, àbọ̀ wà.

Nítorí náà, bá mi bẹ àwọn olùkọ́ rẹ. Sọ fún wọn pé ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n wá fúnra wọn gbà á lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè kúrò kí a tó gbálẹ̀. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fún Florent ní ìwọ̀nba tó lè ra ẹní fífẹ̀ kan, èyí tó wà nílẹ̀ kò gba ẹni méjì. Má fi bátìrì ránṣẹ́. Ìyá Àgbà ní ọkọ àwọn kò nílò rẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú rẹ mọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé ọ dé, kó gbé ọ padà wá bá wa.

Èmi ìyá rẹ,
Falilatou