Wọ́n Ń Wá Ọṣẹ Yín, Èmi Ni Mo Ní Wọn Ò Wá A

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ṣìfáwù. Ẹ kú àárẹ̀ ara, ẹ sì kú ìfaradà àbúrò bíi tèmi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Port Harcourt níbí. Bí àyà mi kò bá kan ilẹ̀, ẹ má bínú, ikùn ló dí i lọ́nà. Mo kí Ṣìfáwù, mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, torí etí gbogbo ẹbí ni mo ti ṣẹ̀ yín. Ẹni tó bá ń kà á fún yín, kó kà á sókè.

Ara mi le díẹ̀. Òjò ìlú yìí ni kò fẹ́ kí ara ó le. Láti 1999 tí mo ti dé síbí wá wa ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ní Trans-Amadi ló ti ń rọ̀. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, òjò kò tíì fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Nígbà tí èéfín dúdú tún dé, tó ń bà lé aṣọ, tó ń wọ imú, ọṣẹ dúdú tí ẹ ń fi eérú sè nìkan ló ń bọ́ ọ kúrò lára wa. Bí mo bá gbé e dé lẹ́yìn Iléyá, àwọn tó máa ń wọ ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀ kì í jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó rà á tán.

Chidi, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Alakahia, gbọ́ pé mo máa ń gbé ọjà wá láti ilé. Ó ní kí n gba orúkọ fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ẹni tó bá tẹ orúkọ náà, ọ̀dọ̀ mi ló máa já sí. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún un: OSE ADUNNI. Ẹ dákun, mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ máa pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi gàdàgbà báyìí, àmọ́ orúkọ ọjà ni. Ó gba oseadunni fún mi. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, orúkọ náà àti nọ́ńbà fóònù mi ni.

Nígbà tí ó tó àkókò àtisan owó ọdún mìíràn lórí orúkọ náà, Chidi ní òun fẹ́ là mí lójú. Ó ní kì í ṣe dídùn orúkọ ló ń jẹ́ kó níye lórí, iye èèyàn tó ń tẹ̀ ẹ́ láti fi wá nǹkan ni. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àwọn tó ń wá oseadunni kò ju ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ose nìkan, ó ní, Papa, people dey find am well well, nínú Port Harcourt yìí gan-an! Orí mi wú. Mo ní ẹ wo bí ará ìlú yìí ṣe fẹ́ràn ìmọ́tótó. Mo ní kó jẹ́ kí ti Àdùnní lọ, kó gba oseph fún mi, ph yẹn ni Port Harcourt. Mo wá pè yín. Ṣìfáwù gbé ohùn fóònù sókè, gbogbo ilé ń gbọ́, mo ní kò sẹ́ni tó ń wá ọṣẹ Àdùnní mọ́, ọṣẹ lásán ni ayé ń wá. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. Ṣìfáwù ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ da eérú nù, ẹ dojú ìkòkò dé, ẹ ò sì se ọṣẹ mọ́.

Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ẹnì kan béèrè pé èló ni apẹ̀rẹ̀ kan. Ìyá olóúnjẹ kan ní Isiokpo béèrè bóyá ó máa ń ta gan-an. Mo ní kó fi sójú, yóò mọ̀. Ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun ń wá. Mo gbé ìyókù ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní Oga, na soap I go put for soup? Àṣé ata ni ose lédè Ìgbò! Kọ̀ǹpútà kò mọ àmì wa. Èmi kọ ọṣẹ, Chidi ka ata. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní láti ọjọ́ yìí, òun rò pé Adunni ni orúkọ ata Yorùbá kan tó lágbára.

Ìyẹn ni mo fi ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Èyí tí mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀ ni ti Mama Ibinabo, nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wọ ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀. Ó rí mi lójú títì, ó di apá mi mú, ó ní níbo ni mo gbé ọṣẹ náà gbà. Ara ọmọ rẹ̀ ló ń yún, ọṣẹ yín nìkan ló sì gbọ́ tirẹ̀. Ó ní oṣooṣù lòun àti àbúrò òun ń tẹ orúkọ Àdùnní, pé onípara kan, tó ń ta ìpara, tó ti gba orúkọ náà nígbà tí mo jù ú sílẹ̀, ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ìwọ̀nba tí Chidi rí nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n mọ orúkọ yín. Ọ̀pọ̀ èrò tí mo tìtorí wọn gbé yín jù sílẹ̀, ata ni wọ́n fẹ́ rà.

Mo bẹ Chidi kó bá mi ra orúkọ Àdùnní padà. Onípara dárúkọ iye kan. Nígbà tí a tún padà lọ bá a, ó ti gbé e sókè, ó ní àwọn tó ń wá orúkọ náà ti ń pọ̀ sí i. Chidi ní ta ló lè máa wá a. Mo ní èmi ni. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, mo ti tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá jẹun tán, mo tún tẹ̀ ẹ́. Òjò bá há mi mọ́lé, mo tún tẹ̀ ẹ́. Chidi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Papa, na you dey cost yourself. Mo bá a rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè bọ́ bàtà.

Apá mi ò ká a mọ́. Orúkọ yín wà lọ́wọ́ onípara, èmi ni mo jẹ̀bi. Ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà, irọ́ ni, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n ń wá yín. Bí agbára bá ṣì wà, ẹ dáná sábẹ́ ìkòkò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tiẹ̀ jẹ́ ti ọmọ Mama Ibinabo nìkan. Màá wá gbé e fúnra mi. Bí ẹ bá sì ní ẹ ò ṣe é mọ́, ẹ bú mi, ẹ bú mi dáadáa. Dídákẹ́ tí ẹ dákẹ́ ni mi ò lè fara dà.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ, àlàáfíà kò ní wọ́n yín nílé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, títí dórí àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ tọ́ títí ó fi di ọmọ yín,
Làmídì.