Fóònù Tí Mo Gbẹ̀bí Rẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, ìwọ tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko rọbí rẹ̀. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́ ṣubú. Àwa náà wà, orúnkún nìkan ló ń ṣe mí bákan, ẹnu mi ṣì mú.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi ṣàìsàn o. Bí mo bá tàn án, orúkọ àwọn tó ṣe é nìkan ló ń yọ, á tún kú. Àyà mi já, nítorí inú rẹ̀ ni ohùn bàbá rẹ wà, èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi kó tó papò dà, tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tún níbòmíràn tí mo ti lè gbọ́ ọ.

Mo gbé e tọ ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe lọ, ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́jọ́ tó fi ẹsẹ̀ jáde wáyé. Ó ní iyè rẹ̀ ló dàrú, òun máa fíláàṣì rẹ̀, kí òun fi iyè tuntun sí i láìfọwọ́ kan ẹrù inú rẹ̀. Ó fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní háà, ìwọ́ ọmọ nìyẹn! Iye bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú kọ̀ǹpútà, ó dé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró gbagidi, ìkọ̀wé pupa yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ó wá ní àfi kí òun nu gbogbo inú rẹ̀, ohùn bàbá rẹ á sì bá a lọ. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Mo bi í pé aboyún tó ń rọbí yìí, kí ló jẹ láàárọ̀? Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò ṣàwàdà, ẹni tí ebi ń pa ò lágbára àtibímọ. Ló bá wo bátìrì fóònù, ó sì gbá ara rẹ̀ lórí: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán! A fi iná bọ́ ọ títí ó fi yó. Mo lé gbogbo oníbàárà síta, mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ìwọ́ kí ọmọ tó ké. Iye tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó kọjá ogójì, ó dé àádọ́rin, ó pé ọgọ́rùn-ún, fóònù ké! Mo jó yí ṣọ́ọ̀bù ká, orúnkún ò rántí àtidun mí.

Ohùn bàbá rẹ wà níbẹ̀ digbí. Mo fèsì padà sí i lójú ẹsẹ̀, mo ròyìn gbogbo ìṣẹ́gun mi fún un. Àmì kan ṣoṣo ló yọ lábẹ́ rẹ̀ dípò méjì, ọ̀gá ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. Mo ní ṣé dátà mi ni kò tó? Ó kọjú sí ògiri, ó ní bóyá.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fowó dátà ránṣẹ́, má sì ṣahun, ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. O ò ní di ẹni tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èmi, ìyá rẹ.