Ìdí Tí N Kò Fi Sí Níbi Ìsìnkú Bàbá

Àbújá,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Màámi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aléékùm. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní Ẹ̀fìrẹ̀ pẹ̀lú ara líle, kí ẹ sì ti fi nǹkan díẹ̀ sẹ́nu. Ẹ kò gbé fóònù mi láti àná, n kò sì dá yín lẹ́bi. Haneefah àbúrò mi ló ní òun á ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e jáde kó tó kà á tán.

Nítorí Bàbá ni mo ṣe gbé àbádòfin ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Ẹ̀fìrẹ̀ lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ́kọ́ kọlù wọ́n, ojú yín ni a ṣe gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, tí a tún gbé wọn sínú mọ́tò, kí a tó rí dókítà. Lọ́jọ́ tí a ka àbá náà lẹ́ẹ̀kejì, tí a jiyàn lé e lórí, tí Ilé sì gbà á, Bàbá ti pa àgbò! Wọ́n ní òfin ti dé. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Ìgbìmọ̀ kan ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn, a ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn Sẹ́nétọ̀ náà á kà á bẹ́ẹ̀, Ààrẹ á wá buwọ́ lù ú." Bàbá wò mí títí. "Ṣé ẹ ò mọ̀wé ni, tí ẹ fi ń ka ohun kan ṣoṣo lákàtúnkà?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Àwọn Sẹ́nétọ̀ gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlú Ìwópin ni kí ilé ìwòsàn náà wà. Bí ọ̀rọ̀ ilé méjèèjì kò bá sì dọ́gba, kò tíì sí òfin. A yan èèyàn láti ilé méjèèjì, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi padà sí Ẹ̀fìrẹ̀. Àwọn Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn yẹn lọ́jọ́ Àlàrùbá, ó wá ku tiwa. Àná Àlàmísì sì ni ìjókòó wa ìkẹyìn. Àbá tí a kò bá parí kí sáà wa tó tán, ó kú nìyẹn, àwọn tó ń bọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti wà lórí àga mi nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Mukhtar pè. Wọ́n ní Bàbá ti kú sójú ọ̀nà, wọn ò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n ní àwọn á dúró dè mí di ìrun Alásàárì, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Yéè, Màámi!

Mo dìde. Ernest, ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, dì mí lápá mú. Ó ní, "Wo ẹ̀yìn rẹ ná." Àga ṣófo lọ súà, ọ̀pọ̀ wa ti palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sílé. Ọkùnrin kan tí kò fẹ́ àbá wa láti ọjọ́ yìí ń ka orí wa. Bí a kò bá pé ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ẹnìkan bá sì ti sọ ọ́ jáde, ìjókòó tú nìyẹn. A kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni. Bí mo bá jáde, a ò pé mọ́.

Mo jókòó padà. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì ló ṣáájú tiwa, wọn ò sì tètè sọ ọ́ tán. Mò ń wo aago, mò ń wo ọkùnrin yẹn, bàálù tí ǹ bá wọ̀ sì lọ. Nígbà tó kàn wá, Abẹnugan ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn. Gbogbo wọn pariwo. Ó lu òòlù rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú oríire. Kú oríire, Màámi! Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn.

Bọ̀ọ̀dá Mukhtar ti ránṣẹ́ sí mi: "O fi òkú Bàbá ṣe òṣèlú. Mi ò ní àbúrò mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Kò tiẹ̀ tíì di òfin. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Ààrẹ ní láti buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan nìkan ló lè borí kíkọ̀ wọn, àwa sì ti tú ká. A jẹ́ pé lásán ni mo pàdánù ìsìnkú Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi.

Kí Ọlọ́run fi Alijánnà kẹ́ Bàbá. Kó dá yín sí fún wa, kó má fi òmíràn ṣe é. Kó sì rọ Bọ̀ọ̀dá Mukhtar lọ́kàn.

Èmi ni ọmọ yín tí kò sí nílé,
Hafeez.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: mò ń bọ̀ fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Bí Bọ̀ọ̀dá bá tìlẹ̀kùn mọ́ mi, n kò ní bá wọn jà. Kí Haneefah ṣáà dúró dè mí ní èbúté. N kò mọ ibi tí ẹ sin Bàbá sí, n kò sì fẹ́ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni.