Àwọn Ìkòkò Inú Pálọ̀ Mi Kì í Ṣe Òrìṣà

Kobe, ilẹ̀ Japáànù.

Yèyé mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àfaradà, ẹ kú àdúrà orí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti òkèèrè. Mo kí gbogbo ẹbí bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí Mústàfá àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí i.

Ẹ̀yin lẹ mọ ìyà tó jẹ mí. Mo la gẹdú ní Mamu títí èjìká mi fi bó. Mo tu igi gẹdú tí a so pọ̀ lójú omi láti Efire dé Èkó, ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí gbẹ. Mo kó èédú sínú iná ọkọ̀ òkun. Mo sùn ní èbúté nínú òtútù, ìwé ìròyìn ni mo fi bora. Kíláàsì kejì ni mo ti bá ìwé dágbére. Lónìí, àwọn oníṣòwò Èkó kì í ra aṣọ Japáànù láìkọ́kọ́ bi mí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń gbé, ta ló kọ́ ọ? Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá kọ́ tirẹ̀.

Mo ní kí oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí ará Àgọ́-Ìwòyè náà lè rí i kà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Yèyé, nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀ níhìn-ín, ilé a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ìkókoré, kò sí ẹni tí n ó bá sọ èdè wa. Bàbá arúgbó kan, aládùúgbò mi, ló kọ́ mi ní ìkòkò kíkó jọ. Ìkòkò amọ̀ lásán ni, wọn ò kùn ún, kò dán bíi tánganran. Inú oko ni wọ́n ti ń wú u jáde. Kí àwọn baba ńlá wa tó tẹ ìlú dó ni àwọn ará àtijọ́ ìhín ti mọ ọ́n, wọ́n sì yí okùn mọ́ ọn lára kó lè ní ọnà, bí àwọn amọ̀kòkò tiwa ṣe ń ṣe gan-an. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọnà okùn náà, mo pariwo. Èmi nìkan ni ènìyàn dúdú tó ní irú rẹ̀ ní Kobe! Àwọn ọlọ́lá ìlú yìí ń wá wò wọ́n lọ́dọ̀ mi. Mo tò wọ́n sórí pákó lára ògiri, mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ wọn kí àwọ̀ wọn lè yọ, mo sì bu iyanrìn sínú wọn kí wọ́n má baà ṣubú, torí ilẹ̀ ìhín a máa mì tìtì.

Mo bá ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Mústàfá pé kó gbé e kọ́ pálọ̀ ilé wa. Èmi rèé lórí ẹní nínú agbádá funfun. Arúgbó yẹn tẹ̀ ba níwájú ìkòkò kan, ó ń wo ìdí rẹ̀, torí ìdí ni wọ́n fi ń mọ ojúlówó.

Àfi bí àwọn tó ń fẹ́ Sídíkátù ọmọ mi ṣe ti Àgọ́-Ìwòyè wá ṣe ìwádìí ẹbí. Fọ́tò ni wọ́n rí. Àlàájì, bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní astaghfirulláà, ṣé ojúbọ nìyí nílé mùsùlùmí, ta sì ni eléyìí tó ń forí balẹ̀ fún un? Mústàfá ò kúkú sọ pé òun ò mọ̀. Ó ní rárá o, epo àti ẹ̀gúsí ni ẹ̀gbọ́n òun ń kó sí i. Àlàájì bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọlọ́rọ̀ tí ẹ ń pariwo rẹ̀ náà ni ò lówó tánganran? Mo di kèfèrí láàárọ̀, mo sì di akúùṣẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Wọ́n ti dá ètò yìgì dúró. Sídíkátù kọ̀wé pé òun ò lè jáde mọ́, pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń pe òun ní ọmọ olórìṣà Japáànù. Ẹ̀yin náà, Yèyé mi, ẹ ní kí n fọ́ gbogbo rẹ̀, kí n sì tuubá. Tuubá kí ni? Ẹní tí mo jókòó lé nínú fọ́tò ńkọ́, ibo lẹ fẹ́ kí n jókòó sí? Orí ẹní ni olówó àti tálákà ń jókòó níhìn-ín. Ká tiẹ̀ ní Mústàfá sọ òótọ́ pé iyanrìn ló wà níbẹ̀, wọn ì bá ní mo ti di atẹyanrìn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wa nílé ń kọ́ ọmọ gbogbo ayé níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, a ò wá rí ẹyọ ẹnì kan tó lè wo fọ́tò.

Ọlọ́run yóò bá mi dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí ìyá wa àgbà ní Awa, ẹ kí Lèmọ́mù àdúgbò, ẹ sọ fún Sídíkátù pé kó jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó wọ ọkọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ìkòkò náà ni n ó gbé sórí itan mi títí dé Àpápá. Iwájú ilé Àlàájì ni n ó gbé e lọ. N ó pọn omi sí i lójú rẹ̀, n ó fi ṣe àlùwàlá, n ó sì kírun níbẹ̀. Arúgbó ìhín ní bí omi bá pẹ́ nínú rẹ̀, ó lè tú di amọ̀ padà. Kó tú. Ìkòkò kọ́ ni mo bí.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bísíríyù.