Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Yọ Fóònù Kúrò Nínú Èlùbọ́

Ẹ kú ulé o, Yèyé mi. Èmi Àjàyí, àkọ́bí yín, ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì ilé Lọlá ọmọ mi nílùú òyìnbó níbí. N kò mọ̀ bóyá ẹ ń ka ìdọ̀bálẹ̀ tí ẹ kò fojú rí sí ìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún mi mọ̀ pé mo ṣe é. Mo kí Bọ́sẹ̀, ọmọ àbúrò mi tó ń tọ́jú yín. Mo kí ìyá oníbúrẹ́dì ọ̀kánkán ilé wa, mo sì kí gbogbo ará ẹ̀yìnkùlé.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa ní Ìṣẹ́, nítorí Bọ́sẹ̀ ní ẹ ti fi fóònù yín sínú ìkòkò èlùbọ́, ẹ sì dé e pa. Ó ní ẹ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn yín, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn ìjọ kọjá láìjẹ́ pé wọ́n kà á sí yín létí. Gbogbo ìjọ yóò gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ìyá nílé, tó sì ní ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà, kí ó fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ara mi le, bí a bá yọ ti òtútù kúrò. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná níbí ń kọ mí lóminú. Bí ó bá ń dún, mo rò pé ó fẹ́ bú gbàmù. Bí kò bá dún, mo rò pé ó ti kú. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa gba ẹrù tí wọ́n bá gbé wá sẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi tọ́jú yàrá irinṣẹ́ nílé ìwé, wọ́n ti sọ mí di akọ̀wé ẹnu ọ̀nà. Aládùúgbò wa kan ṣoṣo ló ń kí mi, láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni pé mo ní ikọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ Ìsinmi tí àwa ọmọ yín márààrún pè yín lẹ́yìn ìsìn. Ẹ ní ẹ ròyìn orúnkún yín lẹ́ẹ̀marùn-ún, fóònù sì gbóná létí yín bí iṣu sísun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kálukú rò pé ẹlòmíràn ti pè, kò sì sẹ́ni tó pè. Ìdí nìyí tí Lọlá fi ní kí a kọ́ ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá ti pè yín máa fi àmì síbẹ̀, kí àwọn yòókù lè mọ̀. Dáyọ̀, ọmọ àbúrò mi tó wà ní Ìkéré, ń ṣe irú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Lọlá ń ṣe, ó ní òun yóò bá a lọ́wọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Àwọn tó ń kọ́ nǹkan báyìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Àwọn kan ti gé igi òrùlé, wọ́n ti kàn án pọ̀ sílẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní férémùwọ́ọ̀kì. Ìwọ yóò kàn gbé e lé ògiri rẹ, kí o fi páànù bò ó. Ṣùgbọ́n káfíńtà pọ̀, gbogbo wọn ló sì ń búra pé tàwọn kì í jò. Lọlá fẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí gbogbo ọ́fíìsì wọn ń pariwo rẹ̀. Dáyọ̀ fẹ́ èyí àtijọ́ tó ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Lọlá ní ọkọ́ Dáyọ̀ ti jẹ tán, ó ti di ṣíbí. Dáyọ̀ ní Àǹtí Lọlá fẹ́ fi tírélà ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún.

Wọ́n wá gbé e fún mi. Ẹ mọ̀ pé ní ulé wa, kò sẹ́ni tó ń kọ ebè kí àkọ́bí tó kọ tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò kọ ebè kan rí láyé wọn, èyí ni wọ́n wá rántí! Wọ́n káwọ́ gbera, Lọlá níwájú mi, Dáyọ̀ lójú fóònù, wọ́n ń wojú mi.

Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ Bàbá wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀dà rẹ̀ pupa, ó ń dán, Bàbá kò sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta eyín rẹ̀. Nígbà tí eyín náà kán, a wá irú rẹ̀ títí ní Ìṣẹ́, ní Emùré, títí dé Àkúrẹ́. Ewúrẹ́ ló jogún ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin sì ń fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́, ẹ ń wo Bàbá bí ẹni pé òun gan-an ló kàn láti rin.

Nítorí náà mo mú ìwé, mo ń kọ ìbéèrè. Àwọn tó ṣe é ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì wà láàyè? Bí ọ̀rọ̀ bá sú wọn, ta ni yóò máa tún un ṣe? Bí Lọlá bá rìnrìn àjò, ta ni a ó pè? Lọlá ní wọn yóò máa fi igi tuntun ránṣẹ́ lóṣooṣù, a ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní irú ilé wo ni wọ́n ń pààrọ̀ igi òrùlé rẹ̀ lóṣooṣù? Dáyọ̀ ní ìbéèrè mi ló yẹ kí ọ̀gá òun máa béèrè. Mo kà á sí ìyìn, mo sì kọ mẹ́wàá sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá báyìí. Àwọn àbúrò mi gbọ́ pé a ń kọ́ nǹkan, wọ́n ní àwọn ń dúró kó parí kí àwọn lè mọ ọjọ́ tiwọn. Èmi náà ń dúró. Gbogbo wa ń yan irinṣẹ́ tí yóò rán wa létí láti pè yín, kò sì sẹ́ni tó pè yín.

Níkẹyìn mo ní kí kálukú àwọn méjèèjì kọ́ díẹ̀ nínú tirẹ̀, kí Bọ́sẹ̀ ṣí i wò lórí fóònù rẹ̀ tó ti sán lójú, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá bí àlejò. Ó ní ti Lọlá ń yí bí òkòtó. Òun bẹ iṣu, òun sè é, òun gún un, ó ṣì ń yí. Ti Dáyọ̀ ṣí wàrà. Mo ní kí ó fi hàn yín. Ìgbà náà ló tú ọ̀rọ̀ èlùbọ́ fún mi. Ó ní àwo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín tí ekùrọ́ márùn-ún wà nínú rẹ̀; bí ọmọ kan bá pè, ẹ ó mú ẹyọ kan sínú àwo kejì. Ó ní eruku ti bò wọ́n.

Yèyé mi, mo rántí àwo yẹn. Nígbà tí a wà ní kékeré, òun lẹ fi ń mọ ẹni tó ti ti oko dé. Ẹ kì í ti ilẹ̀kùn títí ekùrọ́ tó kẹ́yìn yóò fi kúrò, tèmi ló sì máa ń kẹ́yìn. Irinṣẹ́ yẹn kò jò rí, kò sì sẹ́ni tó fi igi tuntun ránṣẹ́ sí i.

Mo ti kọ ebè mi o. Ti Dáyọ̀ ni mo mú. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju Lọlá lọ (Lọlá, má bínú, ìwọ lò ń se oúnjẹ mi), ṣùgbọ́n ó ṣí lórí fóònù Bọ́sẹ̀, bí ó bá sì bàjẹ́, Dáyọ̀ lè wọkọ̀ láti Ìkéré wá tún un ṣe. Ọjọ́ méjì péré ló fi parí rẹ̀. Lọlá ya ekùrọ́ márùn-ún sójú ewé náà dípò àmì. Bọ́sẹ̀ nìkan ló lè sún wọn, lẹ́yìn tí ẹ̀yin bá ti sún tiyín, kí ọmọ kankan má baà purọ́. Mo bi wọ́n bóyá ekùrọ́ orí fóònù lè jẹrà. Wọ́n ní rárá. Mo ṣì ń rò ó.

Ọjọ́rú ni tèmi, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ fóònù kúrò nínú èlùbọ́, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ̀rù ń bà mí kí ìyẹ̀fun má ti dí ihò tí ohùn ń gbà. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò ní í kánjú.

Ọlọ́run yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti orúnkún tó le. Ọmọ yín kankan kò ní í sọnù sọ́nà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn, Yèyé mi. Ó ku ẹnì kan.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàyí