Ìwé Ìkéde Tó Ń Wọlé Sùn

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ìkọ́lé wá so ìwé ìkéde mọ́ géètì oko lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò lò níbẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ká sọ abà àtijọ́ di ilé gbígbé lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ wọn bá gbà, ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ á kó wá, wọ́n á gba oko lọ́wọ́ mi. Bí wọn ò bá gbà — títà ni. Orúnkún mi ò lè ṣe ọdún kan sí i.

Aládùúgbò wa ti dúró kà á látòkèdélẹ̀. Ojú-Ò-Fọ́ ni mo ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í rí. Kò kí mi mọ́ látìgbà tí ewúrẹ́ mi ti jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó dájú pé yóò takò mí.

Ọjọ́bọ̀, 7
Òjò ṣú nírọ̀lẹ́. Bí ìwé yẹn bá rẹ, ta ni yóò rí i kà? Mo tú u, mo gbé e wọlé. Ìyàwó mi ní, "Baba Àníyàn, ṣé kí n tẹ́ ẹní fún un ni?" Ẹ̀rín ń pa á. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Òjò tún rọ̀. Ìwé tún wọlé. Láàárọ̀, kí èrò tó máa kọjá, mo ti so ó padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Mo gbé!

Alábẹ̀wò yọ lójijì nínú òjò, ó bá géètì lófo. Mo ní ó wà ní yàrá, mò ń dáàbò bò ó ni. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó ní tọ̀sán-tòru ló yẹ kó wà níta. Ìgbìmọ̀ lè da gbogbo ẹ̀ nù. "Bàbá, náílọ́ọ̀nù lásán lẹ bá fi wé e." Náílọ́ọ̀nù! Gbogbo ewú orí mi yìí, kò ronú kan náílọ́ọ̀nù.

Kí ni n ó sọ fún ọmọ mi?

Ọjọ́rú, 20
N kò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 29
Ìgbìmọ̀ jókòó. Gbọ̀ngàn kékeré, fáànù tó ń ké, bàtà tó há mi lẹ́sẹ̀. Alága ní ta ló lè jẹ́rìí pé ìwé náà wà níta. Ojú-Ò-Fọ́ dìde. Mo ní ó parí.

Ó ní ọ̀kánkán fèrèsé òun ni géètì wà. Ó ní ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e síta bí ẹni sá aṣọ. Tójò bá ti kán tó, mo gbé e sáré bí ọmọ tuntun. "Gbogbo wa la ti kà á. Ta ló ń kàwé nínú òjò?" Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní ṣé ó ní àtakò. "Àtakò kẹ̀? Abà òfìfo yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wá gbébẹ̀. Ewúrẹ́ ẹ̀ nìkan ni n ò fọwọ́ sí."

Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Gbogbo ọwọ́! Ikú tó fẹ́ pani, tó wá ṣí ni ní fìlà — ọpẹ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹrin
Ìwé àṣẹ dé. Ọmọ mi ń sunkún lórí fóònù, ọkọ rẹ̀ ń hó yèè lẹ́yìn rẹ̀. Mo so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Mo padà lọ so ó lẹ́ẹ̀kejì. Ojú-Ò-Fọ́ rí i, ó kí mi: "Ẹ kú iṣẹ́, Baba Oníwèé!"

Wọ́n ní kí àṣẹ náà wà lára géètì títí iṣẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù mẹ́ta ni mo fi wé e.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mò ń gbọ́ ọ lórí páànù. Mi ò dìde.