Géèmù Tó Ń Dákú Létí Odò

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Abọ́dúndé,
Yábàá, Èkó.
14 Oṣù Kẹjọ, 1999.

Ẹ̀gbọ́n mi Kọ́lápọ̀ ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ìyàwó yín ńkọ́? Ìníolúwa kékeré ńkọ́? Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì ti dẹwọ́ díẹ̀? Àlàáfíà ni a wà níbí, ara Bàbá náà sì ń mókun.

Ẹ rántí pé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà ní kí Bàbá máa lo ọwọ́ ọ̀tún wọn tí rọpárọsẹ̀ mú. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fọwọ́ fún, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jù ú sí. Ni mo bá rántí géèmù ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n fẹ́ràn nígbà kan. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n Mùktárù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé wa, fún mi ní ètò kan tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣiṣẹ́! Àmọ́ gbàrà tí ọkọ̀ bá ti dé etí odò, gbogbo rẹ̀ á dákú, àwòrán á dúró sójú kan. Mo tún un kọ́pì látinú dísìkì mìíràn. Etí odò náà ni. Mo pa gbogbo ètò yòókù, pàbó. Mùktárù ní kí n máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ títí, ojú ewé mẹ́rin. Kódà lọ́fíìsì, òun ni mo ń rò.

Bàbá kàn ń wò mí láti orí àga. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n ṣàdédé ní, "Tún gbé e dé etí odò." Mo tún gbé e débẹ̀. Wọ́n dijú, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ẹ́ńjìnnì rélùwéè wò l'Ébùúté Mẹ́ta.

"Kì í ṣe odò," ni wọ́n wí. "Ohùn kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó wá há. Pa ohùn ẹ̀."

Mo pa á. Ọkọ̀ fò kọjá odò fẹ́ẹ́! Igbe tí mo ké ló mú kí Mùktárù sáré gòkè wá. Ó ní ó jọ pé ohùn géèmù náà àti káàdì tó ń gbé ohùn jáde nínú kọ̀ǹpútà mi ni kò gbọ́ èdè ara wọn. Mo ṣì fẹ́ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà lóòótọ́.

Ìgbà tí mo máa fi yíjú padà, Bàbá ti fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Àtàǹpàkò náà gbọ̀n, gbọ̀n, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n bú ọkọ̀ náà, wọ́n bú èmi náà, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀bà wọn fi tutù.

Ẹ bá mi gbé Ìníolúwa mọ́ra. Gbogbo ilé kí yín.

Èmi àbúrò yín tó ń retí èsì,
Fúnlọ́lá.